Ẹ̀san Ni Ẹ̀rọ Mọ̀, Kò Mọ Omi

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìjà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀rẹ́ ni. Ní ìpàdé tí a ṣe gbẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ dìde láti sọ fún wa nípa ohun tuntun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe. Ó ní kọ̀ǹpútà ti kọ́ bí a ti í kó omi àti afẹ́fẹ́ níjàánu, pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó dán an wò títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan dé e lórí: ó ní láìpẹ́ kò ní í sí ìdí tí ọmọ ènìyàn yóò fi máa fi òru kọ́ ìṣirò ìṣàn omi mọ́, nítorí pé ẹ̀rọ ti mọ omi jù wá lọ. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo tilẹ̀ fẹsẹ̀ kilẹ̀ mọ́ ọn.

Bí àtẹ́wọ́ ti ń rọlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, olùkọ́ tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ó sì ní kí ó jọ̀wọ́, nígbà mìíràn, kí ó máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí pé Yorùbá kò gbà á. Ó ní èdè wa dára fún oríkì, ó dára fún ìtàn, ṣùgbọ́n a kì í fi agbọ̀n pọn omi.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ti olùkọ́ wa dùn mí, nítorí èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì yìí, Yorùbá àti Faransé, pẹ̀lú Jámánì díẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ mi ni ó bà mí lẹ́rù, nítorí pé mo pàtẹ́wọ́ fún ohun tí n kò mọ orí àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, tí ó wá gbé ọ̀rọ̀ mì láìjẹ ẹ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kí ojú tì. Mo bá tọ ọ̀rẹ́ mi lọ, mo ní kí ó yá mi ní ìwé tí ó kà. Ó yá mi. Ó tún jókòó tì mí, ó ń ṣàlàyé èyí tí kò yé mi, òun tí mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi ta kò. Ìdọ́gba tí Navier kọ ní 1822, tí Stokes sì tún ṣe ní 1845, èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣàn dúró lé lórí, bí ilẹ̀ tí adìẹ fi ẹsẹ̀ ya ni ó ṣì rí lójú mi títí di òní. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ tó láti mọ̀ pé àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà kò yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ẹni tí ó bá ti dúró lórí afárá odò Ògùn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn òjò ńlá yóò ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi ń bọ̀ geere, ó kan òpó afárá, ó pín sí méjì, apá kan gba ọ̀tún, apá kan gba òsì. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn òpó, wọn kò padà pàdé ní ìrọ̀rùn. Omi ń yí. Ààjà omi kan já kúrò lápá ọ̀tún, òmíràn já kúrò lápá òsì, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lọ bí ipasẹ̀ ẹni tí ń rìn lórí iyanrìn. Henri Bénard yẹ̀ wọ́n wò ní ilẹ̀ Faransé ní 1908. Theodore von Kármán fi ìṣirò ṣàlàyé wọn ní Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì ní 1911. Orúkọ Kármán ni ayé fi ń pè wọ́n, inú Bénard kò sì dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà orúkọ ti ń jẹ ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni omi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń rọra lọ, tàbí tí ó bá ki bí oyin, ẹ̀yìn òpó a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Osborne Reynolds, ní Manchester ní 1883, ni ó fi hàn pé nọ́ńbà kan wà tí ó ń fi agbára ìrìn omi wé kíki rẹ̀, nọ́ńbà náà sì ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Fún òpó róbótó, bí nọ́ńbà Reynolds kò bá tó nǹkan bí 47, kò séwu. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìdàmú tí kò tó ìmí èèrà a bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà fúnra rẹ̀, títí gbogbo ẹ̀yìn òpó yóò fi máa jù síhìn-ín, jù sọ́hùn-ún. Èyí ni mo pè ní ìṣàn aláìfararọ. Ó dà bí ọmọ odó tí a gbé nàró sí àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ohun tí ó ṣe é tí ó fi fẹ́ ṣubú. Ìdúró rẹ̀ gan-an ni kò gbé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó ṣubú ní láti máa sún ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa wò ó, kí ó má sì sinmi. Irú ọwọ́ sísún bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá fún omi.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá a ni pé ìṣàn aláìfararọ a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, a máa jẹ epo, a sì máa mi ohun tí ó dúró. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1965, ní Ferrybridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, afẹ́fẹ́ líle kan jà. Ilé gíga mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń mú omi ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tutù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí mítà 114. Mẹ́ta nínú wọn wó lulẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ni wọ́n wó, àwọn tí ilé iwájú ti da afẹ́fẹ́ rú fún. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ya àwòrán wọn kò ṣírò afẹ́fẹ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú kan ni wọ́n lò, wọn kò ka atẹ́gùn òjijì tí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kún. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi dán afẹ́fẹ́ wò, wọn kò ro ohun tí ilé lè ṣe fún ilé. Ohun tí wọn kò kọ sínú ìṣirò ni ó wó ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sí apá kan ọkàn yín, nítorí mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni kọ̀ǹpútà wá ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ omi? Wọn kò kọ́ ọ ní ìdọ́gba Navier. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n fún un ní ojú tí yóò fi wo ìṣàn, wọ́n fún un ní ọwọ́ tí yóò fi tì í, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà kan lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣe nǹkan. Bí nọ́ńbà náà bá pọ̀, ó ṣe dáradára. Bí ó bá kéré, tàbí tí ó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, ìyà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ta ọwọ́ kiri bí ọmọ tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ó ń yà sí ìhà ibi tí nọ́ńbà ti ń pọ̀, lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún àdánwò ó ti ní ọ̀nà kan tí ó ń tọ̀. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ire àti ibi.

Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi yangàn jù lọ ni èyí tí Jean Rabault, tí ó wà ní Yunifásítì Oslo nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019. Omi inú ìṣirò ni wọ́n lò, kì í ṣe omi inú odò. Wọ́n gbé òpó róbótó kan sí i láàárín, nọ́ńbà Reynolds jẹ́ 100, èyí tí ó ti kọjá ibi ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n dá ẹnu kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń fẹ́ omi jáde, èkejì a máa fà á wọlé ní ìwọ̀n kan náà. Wọ́n tún fi ojú ìṣọ́ 151 sí àyíká rẹ̀ tí ń sọ fún ẹ̀rọ bí omi ti ń lọ. Ẹ̀rọ dán an wò, ó dán an wò, títí ó fi mú ààjà ẹ̀yìn òpó rọlẹ̀, tí ìfàsẹ́yìn sì dín ní nǹkan bí 8 nínú 100. Omi tí ẹnu méjèèjì ń fẹ́ nígbà tí ìṣàn ti rọlẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi tí ń kọ lu òpó. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni, n kò ní í parọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwé ọ̀hún tí ọ̀rẹ́ mi kò sọ fún wa. Bóyá ó kà á kọjá ni. Ẹ̀san tí àwọn wọ̀nyí fi kọ́ ẹ̀rọ ní ìdajì méjì: wọ́n ń yìn ín bí ìfàsẹ́yìn bá dín, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ níyà bí omi bá ń taari òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ni wọ́n fi ìdajì kejì sí i fún? Nítorí pé bí wọ́n bá fi ìfàsẹ́yìn nìkan ṣe ẹ̀san, ẹ̀rọ ọ̀hún a máa ta ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. A máa fẹ́ omi gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo láìsinmi, ìṣàn a wọ́, ìfàsẹ́yìn a sì dín ju ti ọ̀nà tòótọ́ lọ. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà, ẹ óò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbára ńlá ti ń taari òpó náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ òpó afárá ni, ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò gba orí rẹ̀ kọjá?

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí ara mi. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá mi ṣe ìlérí pé òun yóò máa fún mi ní náírà márùn-ún lórí garawa omi kọ̀ọ̀kan tí mo bá pọn wálé láti ìdí kànga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn garawa ní ìlàjì. Owó ń wọlé. Nígbà tí ìyá mi rí i pé àmù kò kún, ó pa òfin dà: ó fi èédú fa ìlà sí ara dúrọ́ọ̀mù, ó ní bí omi bá kan ìlà ni n óò tó gbowó. Mo bá fi kànga sílẹ̀, mo ń lọ bu omi ẹ̀gbẹ́ ilé, omi tí kò jìnnà, omi tí ewúrẹ́ ń mu. Ọjọ́ tí ìyá mi bu omi náà sí ìkòkò ọbẹ̀, tí ó gbóòórùn rẹ̀, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìlà èédú kò lè gbà mí lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ omi. Ẹ kíyè sí i: n kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ohun tí ó san owó fún ni mo fún un.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dé nìyẹn. Àwọn ará Oslo kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń rẹ́ wọn jẹ nípa wíwo ojú ẹ̀rọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n ti mọ òpó, wọ́n ti mọ omi, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ń bẹ nínú ìṣàn ju ìfàsẹ́yìn lọ, pé ìtaari ẹ̀gbẹ́ wà níbẹ̀. Inú àwọn ìwé ìṣirò tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí a sun níná ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti sun wọ́n, ìfàsẹ́yìn tí ó dín jù ni ìbá gbé jáde, àwa náà ì bá sì pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀rọ kọ́ ara rẹ̀ ti gbàgbé ẹni tí ó kọ ẹ̀san sílẹ̀. Ẹ̀san ni ẹ̀kọ́ náà, òun ni olùkọ́, òun sì ni ọgbà tí a fi yí i ká. Ohunkóhun tí a kò bá kọ sínú ẹ̀san, lójú ẹ̀rọ kò sí láyé, gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn òjijì kò ti sí láyé nínú ìṣirò Ferrybridge. Èyí ni mo ní kí ẹ fi pamọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan.

Mo wá fẹ́ kọjú sí olùkọ́ wa. Kí bàbá má bínú sí mi. Lórí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní Yorùbá kò gba ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ní Yorùbá ni ó tú u fó. Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, pe iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́ ìfúnlágbára. Ó ṣí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, ó rí agbára nínú rẹ̀, ó gbé agbára wá fún wa. Ta ni wọ́n fún lágbára? Kò sí. Àwọn tí ń fi oúnjẹ kọ́ eku àti ẹyẹlé nínú àpótí ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ó tó di ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí eku bá tẹ ohun tí ó yẹ, kí ó rí nǹkan jẹ, kí ìwà náà lè mọ́ ọn lára. Gbogbo ọdẹ tí ó bá fi eegun kọ́ ajá mọ iṣẹ́ yìí, kò sì pè é ní ìfúnlágbára rí. Mo dábàá pé kí a máa pè é ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀san.

Mo yan ẹ̀san, n kò yan èrè, mo sì ní ìdí. Rere ni èrè. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ẹgba ni èrè òun, àfi tí ó bá ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀san ń lọ sí ìhà méjèèjì: a ń san rere, a ń san ibi, ẹni tí ń dúró de ẹ̀san kò mọ èyí tí ń bọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ẹ̀rọ gan-an nìyẹn, ó lè wà lókè òdo, ó lè wà nísàlẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀san kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní láti san án. Bí a bá ti ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀san, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá yóò béèrè pé, ta ni ń san án, kí ni ó ń san án fún? Bí a bá ní ìfúnlágbára, kò sí ẹni tí yóò béèrè nǹkan kan. Ọwọ́ ni a óò kàn pa. Orúkọ ni ó mú kí a pàtẹ́wọ́ ní ọjọ́ náà, bàbá, orúkọ tí a tú láìrò. Agbọ̀n tí ẹ rí, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni ó ti hun ún bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan èdè.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi yóò fi dá mi lóhùn, nítorí ó ti fi dá mi lóhùn ní yàrá rẹ̀. Ó ní, omi inú ìṣirò ni mo dúró lé, kí n lọ wo omi gidi. Mo lọ wò ó. Ní 2020, Dixia Fan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sínú omi gidi ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fa òpó kan nínú ọ̀gbún omi gígùn, wọ́n sì fi òpó kéékèèké méjì tí ń yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa pinnu bí wọn yóò ti yí. Lẹ́yìn ẹwẹ́ẹ̀wá fífà, kì í ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún o, ẹ̀rọ ti rí ọ̀nà. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì gbóṣùbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tìkára wọn kọ: ọ̀nà tí ẹ̀rọ rí bá èyí tí ó dára jù lọ tí ènìyàn ti fi ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò eléto wá rí dọ́gba. Ó yá jù wá lọ láti débẹ̀, kò kọjá wa. Àti pé omi gidi kì í sọ̀rọ̀ ketekete bí omi ìṣirò; ariwo pọ̀ nínú ohun tí ojú ìṣọ́ ń rí, ènìyàn ní láti kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí ariwo náà kúrò kí ẹ̀kọ́ tó wọ ẹ̀rọ lágbárí. Ta ni ó mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí omi?

Ó tún gbé èyí tí ó le jù kalẹ̀. Ní oṣù kejì 2022, ilé iṣẹ́ DeepMind pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Lausanne ní Switzerland kéde pé ẹ̀rọ ti di plasma mú. Plasma ni afẹ́fẹ́ tí ó gbóná débi pé iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń ṣàn, kò sì sí ìkòkò tí ó lè gbé e, òòfà nìkan ni a lè fi gbá a mú lójú òfurufú. Bí a bá fà á gùn kí ó lè gbóná sí i, kíá ni ó fẹ́ yọ́ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọmọ odó orí àtẹ́lẹwọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ odó oníná. Ẹ̀rọ kan ń darí wáyà òòfà 19 lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pàṣẹ ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì gbé plasma dúró ní oríṣiríṣi ìrísí. Ó tilẹ̀ gbé méjì dúró nínú àgbá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣí fìlà, mo ti ṣí i.

Síbẹ̀, níbo ni ẹ̀rọ ọ̀hún ti kọ́ iṣẹ́? Nínú plasma ìṣirò, tí àwọn tí ó ti lo ọjọ́ ayé wọn nídìí plasma kọ sílẹ̀. Wọn kò sì gba ìṣirò tiwọn gbọ́ tán. Wọ́n mọ ibi tí kò ti ṣeé gbára lé, wọ́n sì fi ìyà sí àwọn ibẹ̀ nínú ẹ̀san, kí ẹ̀rọ má baà lọ kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́ níbi tí ìṣirò ti ń purọ́. Láti mọ ibi tí ìṣirò ẹni ti ń purọ́, ìmọ̀ nìyẹn. N kò rí ibi kankan nínú ìwé náà tí ẹ̀rọ ti mọ èyí fúnra rẹ̀.

Ó ku ọfà kan nínú apó ọ̀rẹ́ mi, èyí tí ó sì fẹ́ràn jù. Ó ní ní oṣù kẹta 2016, ní Seoul, AlphaGo na Lee Sedol ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún nínú eré Go, ó sì ta irú ọwọ́ tí àwọn ọ̀gá eré náà kò tà rí. Bí ẹ̀rọ bá lè rí ohun tí a kò mọ̀ nínú eré, èéṣe tí kò fi lè rí i nínú omi? Mo gbà pé ó lè rí i. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré bí ayò ni Go. Bí a bá ta ayò tán, a ka ọmọ ayò, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ ni ó pa ayò. Kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn ọpọ́n tí ó lè wá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀san ayò pé. Ẹ̀san omi kò pé rí. Lẹ́yìn ìfàsẹ́yìn ìtaari wà, lẹ́yìn ìtaari ìmì wà, lẹ́yìn ìmì irin tí ń rẹ̀ wà, lẹ́yìn irin owó wà, lẹ́yìn owó ẹ̀mí ènìyàn wà. Ẹni tí ó ń fi ìṣẹ́gun orí ọpọ́n ṣe ẹ̀rí fún ìṣẹ́gun inú odò ti fo ohun tí ó ya àwọn méjèèjì.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí kanrí báyìí kò jìnnà. Lẹ́yìn ìpàdé wa, mo gbọ́ láti ẹnu àwọn mélòó kan nínú kíláàsì ọ̀rẹ́ mi pé àwọn yóò fi ẹ̀kọ́ ìṣàn omi sílẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí ó le, nítorí kì í ṣe dandan, àti nítorí pé ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe é. Ọ̀kan sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè: bí ẹnìkan bá gbé irú ẹ̀rọ yìí wá lọ́la, tí ó ní kí a fi í sí ara afárá wa, tàbí sí ẹnu páìpù omi ìlú wa, ẹ̀san inú rẹ̀ ti wà ní kíkọ láti ibòmíràn, fún odò tí kò mọ ojú oró àti òṣíbàtà, fún páìpù tí ẹrẹ̀ kò gba inú rẹ̀ rí. Nọ́ńbà rẹ̀ yóò dára. Ta ni yóò wà níbẹ̀ láàárín wa tí yóò gbóòórùn ìkòkò ọbẹ̀? Èmi? Èmi tí ìdọ́gba Navier rí bí ipasẹ̀ adìẹ lójú mi?

Mo gbé ìwé yìí fún ọ̀rẹ́ mi kà kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú, nítorí n kò fẹ́ bu ènìyàn lẹ́yìn. Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní òun kò sọ pé kí a sun ìwé níná, pé mo fi iyọ̀ sí i, mo sì gbà pé mo fi díẹ̀ sí i. Ó ní òun gba ẹ̀san, kí á máa lò ó. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí pé, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń tọ̀ lẹ́yìn tí ó ti kọ́ tán, èyí tí ó ń sọ fún un ohun tí yóò ṣe bí ojú ìṣọ́ bá ti rí báyìí tàbí báyìí, kí ni mo fẹ́ máa pe ìyẹn? Mo ní ìwà. Ó ní rárá, ìlànà ni. Mo ní ìlànà ni ohun tí a kọ sílẹ̀ kí a tó ṣe é, èyí sì jẹ́ ohun tí ó mọ́ni lára. Ó ní bí mo bá pè é ní ìwà, ẹnìkan yóò tún dìde ní ìpàdé wa láti sọ pé ẹ̀rọ ti di ọmọlúàbí. Ibẹ̀ ni a wà tí iná fi lọ, a tan àtùpà, a kò tí ì rí ọ̀rọ̀ náà.